Oúnjẹ Ìrọ̀lẹ́ àti Ìròyìn Àdúgbò

Ebi àwọn òṣìṣẹ́ ìwé ìròyìn ló bí ọkọ̀ olóúnjẹ ní Amẹ́ríkà. Ìlú Providence ló ti ṣẹlẹ̀, ní Rhode Island, èyí tó kéré jù lọ nínú gbogbo ìpínlẹ̀ orílẹ̀-èdè náà. Ní nǹkan bí ọdún 1858, ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Walter Scott bẹ̀rẹ̀ sí í fi apẹ̀rẹ̀ kiri búrẹ́dì àti kọfí fún àwọn tó ń ṣiṣẹ́ mọ́jú. Bó ti ń dàgbà, òun náà wọ ilé ìtẹ̀wé, ó sì mọ bó ṣe ń rí lára ẹni tí ẹ̀rọ kò jẹ́ kó sùn, tí kò sì rí nǹkan fi sẹ́nu. Lọ́dún 1872, ó fi iṣẹ́ ìtẹ̀wé sílẹ̀. Ó wá kẹ̀kẹ́ tí ẹṣin ń fà, ó bo orí rẹ̀, ó yọ fèrèsé sí i lára, ó sì ń gbé e lọ síwájú ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn Providence Journal bí ilẹ̀ bá ti ṣú. Aago mẹ́jọ alẹ́ ni àwọn ilé oúnjẹ ìlú ti ń tilẹ̀kùn. Ẹni tó ń to lẹ́tà, ẹni tó ń yí ẹ̀rọ, akọ̀ròyìn tí iṣẹ́ pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀dọ̀ Scott ni wọ́n ń yà sí. Ẹyin sísè, búrẹ́dì tí wọ́n fi bọ́tà pa, kọfí gbígbóná. Ó ṣe iṣẹ́ náà títí di ọdún 1917.

Àwọn tó ń pìtàn oúnjẹ máa ń sọ ti Scott nítorí pé láti ara kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ti ka ìran àwọn ilé oúnjẹ kéékèèké tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní diner. Èmi ń sọ ọ́ nítorí ibi tó gbé kẹ̀kẹ́ náà dúró sí. Ojú ọ̀nà àwọn tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nílùú lọ́jọ́ yẹn ni. Ẹni tó bá dúró níbẹ̀ pẹ̀lú ife kọfí lọ́wọ́ lóru kò ní láti dúró de ìwé ìròyìn àárọ̀. Ìlú náà kò sì gbàgbé àṣà yẹn. Haven Brothers, olóúnjẹ kan tó bẹ̀rẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ ní òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún, di ohun tí wọ́n ń fi ọkọ̀ fà wá sí ẹ̀gbẹ́ gbọ̀ngàn ìlú Providence nírọ̀lẹ́, tí wọ́n á tún fà á lọ nígbà tí ilẹ̀ bá fẹ́ mọ́. Àwọn olóṣèlú jáde látinú ìpàdé, wọ́n sì bá àwọn ọmọ ilé ìwé àti àwọn awakọ̀ tò síbẹ̀.

Ọkọ̀ olóúnjẹ òde òní kò ní ẹṣin mọ́. Ọkọ̀ akẹ́rù ni, tí wọ́n kọ́ ilé ìdáná sí nínú: ààrò gáàsì, fìríìjì, ibi ìfọwọ́, táǹkì omi mímọ́ àti táǹkì omi ìdọ̀tí, jẹnẹrétọ̀, àti fèrèsé gbàǹgbà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí wọ́n ń ṣí sókè bí ọjà bá yá. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ibi tí wọ́n ti ń kọ́lé àti ìsàlẹ̀ àwọn ọ́fíìsì ńlá ni wọ́n ń lọ, kí òṣìṣẹ́ lè rí nǹkan jẹ lọ́sàn-án. Àrùn Kòrónà ló gbé púpọ̀ nínú wọn wọ àárín ilé àwọn ènìyàn. Nígbà tí àwọn ọ́fíìsì di títì pa lọ́dún 2020, oníbàárà ọ̀sán pòórá láàárín ìlú, olóúnjẹ sì ní láti wá a lọ síbi tó wà, ìyẹn inú ilé rẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ onílé bẹ̀rẹ̀ sí í pè wọ́n: ọkọ̀ kan lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, òmíràn lọ́jọ́ Ẹtì. Àrùn rọlẹ̀, ọ́fíìsì ṣí, ṣùgbọ́n ìrọ̀lẹ́ ọkọ̀ olóúnjẹ kò kúrò ní ọ̀pọ̀ àdúgbò.

Olóúnjẹ kì í sì í ṣàdédé dé o. Ẹgbẹ́ àdúgbò á ti bá a sọ ọ́ ṣáájú, wọ́n á fohùn ṣọ̀kan lórí iye ọjà tó gbọ́dọ̀ tà kí epo ọkọ̀ àti owó àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ má bàa gbé. Bí ọjà kò bá tó bẹ́ẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ kan á fi owó tiwọn dí i. Ó gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ láti ọwọ́ àwọn elétò ìlera. Ní ọ̀pọ̀ ìlú, òfin kò gbà kó se oúnjẹ títà nílé ara rẹ̀ rárá. Àfi kó ní ibi ìdáná tí ìjọba fọwọ́ sí, níbi tó ti ń gé ẹran, tó ti ń pọn omi, tó sì ti ń da omi ìdọ̀tí nù. Nítorí náà, ẹni tí ẹ rí tó ń rẹ́rìn-ín lójú fèrèsé yẹn láago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ti wà lẹ́nu iṣẹ́ láti àárọ̀, yóò sì tún padà lọ fọ ìkòkò lẹ́yìn tí àwọn ọmọ àdúgbò bá ti sùn.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní àyíká ọkọ̀ náà ló jẹ mí lógún ju ohun tó wà nínú rẹ̀ lọ. Ní Amẹ́ríkà, ènìyàn lè gbé ọdún mẹ́wàá lójúlé kan láì mọ orúkọ ẹni tó kọjú sí i. Ọkọ̀ ń wọ gáréèjì, ilẹ̀kùn gáréèjì ń pa dé, ó tán. Ìrọ̀lẹ́ ọkọ̀ olóúnjẹ ló ń mú kí wọ́n fẹsẹ̀ rìn jáde. Oúnjẹ kì í yá. Ẹni tó bá béèrè nǹkan á dúró díẹ̀ kí wọ́n tó pe orúkọ rẹ̀, inú ìdúró yẹn sì ni ọ̀rọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan á béèrè bóyá òótọ́ ni pé wọ́n fẹ́ kọ́ ilé olókè sí ilẹ̀ tó ṣófo létí ọ̀nà. Ẹlòmíràn á ní òun ti gba lẹ́tà nípa rẹ̀. Ìyá kan á sọ pé ọkọ̀ ilé ìwé ti yí ibi tó ń dúró padà. Wọ́n á bi ara wọn léèrè nípa bàbá arúgbó tó máa ń mú ajá rẹ̀ rìn láràárọ̀, tí wọn kò rí mọ́, ẹni tó mọ̀ á sì sọ pé ó ti wà nílé ìwòsàn. Bí àwọn panápaná bá wá, àwọn ọmọdé á ti gun ọkọ̀ wọn. Òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé á gbé tábìlì kalẹ̀. Ẹni tó ń du ipò nínú ìgbìmọ̀ ilé ẹ̀kọ́ á dúró nítòsí ibi tí ìlà gùn jù, nítorí ó mọ̀ pé ẹni tí ebi ń pa kò ní fi ìlà sílẹ̀.

Irú ìrọ̀lẹ́ bẹ́ẹ̀ tún ní ẹ̀gbọ́n tó lọ́jọ́ lórí jù ú lọ. Lọ́dún 1984, ọkùnrin kan ní Pennsylvania, Matt Peskin, dá alẹ́ kan sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní National Night Out. Ohun tó bẹ̀ wọ́n fún ni pé kí gbogbo àdúgbò tan iná iwájú ilé lọ́jọ́ kan náà, kí wọ́n jáde síta, kí wọ́n mọ ara wọn, kí wọ́n sì mọ ọlọ́pàá tó ń ṣọ́ wọn. Ìlú bíi 400 ní ìpínlẹ̀ 23 ló dáhùn lọ́dún yẹn. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àkọ́kọ́ nínú oṣù kẹjọ ni ọ̀pọ̀ ìlú ń ṣe é, ṣùgbọ́n oòrùn Texas kì í ṣeré nínú oṣù náà, nítorí náà àwọn ìlú ibẹ̀ máa ń sún un sí ọjọ́ Ìṣẹ́gun àkọ́kọ́ nínú oṣù kẹwàá. Àwọn ọmọ Yorùbá tó wà ní Houston àti Dallas mọ alẹ́ yẹn. Àwọn ẹlòmíràn nínú wọn ti gbé ìkòkò ìrẹsì ọlọ́bẹ̀ jáde síwájú ilé, kí ọ̀sán tó pọ́n lọ́jọ́ kejì, àwọn aládùúgbò tí kò kí wọn rí ti ń béèrè ohun tí wọ́n fi sè é.

Mo ní ìdí tí mo fi gbà pé ọ̀rọ̀ yìí ju ìgbádùn lọ. Láti ọdún 2005, ó lé ní ìdá mẹ́ta kan nínú àwọn ìwé ìròyìn Amẹ́ríkà tó ti kógbá sílé. Àwọn ìwé ìròyìn ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ti ìlú kéékèèké ló pọ̀ jù nínú wọn: èyí tó ń sọ ẹni tó kú, ẹni tó bímọ, ẹni tí ọmọ rẹ̀ gbá góòlù wọlé fún ilé ìwé, iye tí ìgbìmọ̀ ìlú fẹ́ ná lórí afárá, àti ìdí tí owó omi fi lọ sókè. Ìpolówó tó ń bọ́ wọn ti gba orí íntánẹ́ẹ̀tì lọ, kò sì padà. Àwọn ìwé ìròyìn ńlá kò ní í rán akọ̀ròyìn lọ jókòó sí ìpàdé ìgbìmọ̀ ìlú tí ènìyàn inú rẹ̀ kò ju ẹgbẹ̀rún mẹ́rin lọ. Bí ẹnikẹ́ni kò bá jókòó síbẹ̀, ohun tí ó wu àwọn olóyè ìlú ni wọ́n á fọwọ́ sí.

Àwọn kan á sọ pé Facebook àti WhatsApp ti rọ́pò ìwé ìròyìn. Wọ́n rọ́pò apá kan. Wọ́n yára, wọn kò gbowó, bí olè bá wọlé láago mẹ́ta òru gbogbo àdúgbò lè gbọ́ kí ó tó jáde. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ìjà ṣe ń bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ẹnì kan fi àwòrán ọmọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan ránṣẹ́, ó ní ẹni náà ń rìn gbéregbère. Àṣé ọmọ onílé kẹta ni, ó ń bọ̀ láti ibi tó ti lọ gbá bọ́ọ̀lù. Irú èyí ti ṣẹlẹ̀ ní ọ̀pọ̀ àdúgbò ní Amẹ́ríkà, àwọn òbí Yorùbá níbẹ̀ sì mọ̀ pé ewu rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Ọmọ tí gbogbo àdúgbò ti rí lórí ìlà, tó ń ra táko, tó ń kí àgbà, ó ṣòro kí ẹnikẹ́ni tún sọ ọ́ di àjèjì lórí fóònù. Mi ò mọ ìròyìn kan tó wúlò fún òbí ju kí àdúgbò mọ ojú ọmọ rẹ̀ lọ.

Kò sí ibi tí wọ́n ti jà fún ọkọ̀ olóúnjẹ tó Los Angeles. Àwọn ará Mẹ́síkò ló ni iṣẹ́ náà níbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Lọ́dún 1974, Raul Martinez sọ ọkọ̀ kan tó ń ta áìsìkiriìmù di ọkọ̀ tí ó ń ta táko, ọjà náà yá débi pé ó fi kọ́ ilé oúnjẹ King Taco. Lóṣù kẹrin ọdún 2008, ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso àgbègbè Los Angeles ṣe òfin fún àwọn apá tí kò sí lábẹ́ ìlú kankan, East Los Angeles sì wà nínú wọn: ọkọ̀ olóúnjẹ tó bá lo ju wákàtí kan lọ lójú kan lè san ìtanràn tó tó dọ́là 1,000, tàbí kí ẹni tó ni ín fi ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà jura. Àwọn onílé oúnjẹ kan ló ti ń ráhùn pé àwọn ọkọ̀ ń gba oníbàárà lọ́wọ́ wọn. Àwọn tó ń jẹun níbẹ̀ kò dákẹ́. Wọ́n kọ orúkọ sí ìwé ẹ̀hónú, wọ́n tẹ aṣọ, wọ́n sì jókòó jẹun nídìí ọkọ̀ láti fi hàn pé àwọn ni wọ́n ni àdúgbò. Kí oṣù kẹjọ ọdún náà tó parí, adájọ́ ti da òfin ọ̀hún nù, ó ní kò yé ènìyàn dáadáa.

Oṣù mélòó kan lẹ́yìn ìyẹn, lóṣù kọkànlá ọdún 2008, Roy Choi àti ẹnìkejì rẹ̀ Mark Manguera gbé ọkọ̀ Kogi jáde, wọ́n di ẹran sísun ti Kòríà sínú táko Mẹ́síkò. Orí Twitter ni wọ́n ti ń kéde ibi tí wọ́n máa dúró sí lálẹ́ ọjọ́ náà, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn á sì ti débẹ̀. Àwọn oníròyìn sọ ọ́ di ìtàn íntánẹ́ẹ̀tì. Mo rí nǹkan mìíràn nínú rẹ̀. Ọmọ Kòríà, ọmọ Mẹ́síkò, aláwọ̀ dúdú àti aláwọ̀ funfun jọ tò sórí ìlà kan náà ní ìlú tí wọ́n ti fi òpópónà ńlá pín sí wẹ́wẹ́, tí àwọn ará ìhà ìlà oòrùn kì í ní nǹkan í ṣe ní ìwọ̀ oòrùn. Lóṣù kẹsàn-án ọdún 2018, Gómìnà Jerry Brown ti California wá fọwọ́ sí òfin pé kíkiri ọjà lẹ́bàá ọ̀nà kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀daràn mọ́. Ìlú lè ṣètò rẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ sọ olóúnjẹ di arúfin nítorí pé ó ń tà.

Ẹni tó bá mọ ilẹ̀ Yorùbá á ti máa rẹ́rìn-ín bọ̀. Ìrọ̀lẹ́ oúnjẹ tí Amẹ́ríkà ń kọ́, àwa la ni ín tipẹ́, ará Amẹ́ríkà kan ló sì kọ ọ́ sílẹ̀. Thomas Jefferson Bowen, oníwàásù Ìjọ Onítẹ̀bọmi láti Georgia, dé ilẹ̀ Yorùbá lọ́dún 1850, ó gbé ní Ìjàyè àti Ògbómọ̀ṣọ́, ó sì tẹ ìwé rẹ̀ jáde lọ́dún 1857. Nígbà tó ń ṣe àpèjúwe ọjà wa, ó ní ìrọ̀lẹ́ gan-an ni ẹni tó bá fẹ́ rí ìyanu rẹ̀ yẹ kó lọ. Bó bá ku ààbọ̀ wákàtí kí oòrùn wọ̀, àgbẹ̀ ń bọ̀ láti oko, oníṣọ̀nà ń jáde nílé, àlejò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bá ọ̀wọ́ oníṣòwò dé náà ń bọ̀, wọ́n ń ti ọ̀nà gbogbo ya wọ ọjà láti rà, láti tà, àti láti sọ̀rọ̀. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, obìnrin kọ̀ọ̀kan á tan fìtílà tirẹ̀, ẹni tó bá dúró lókèèrè á rí ọjà bí ìràwọ̀. Títí di aago mẹ́sàn-án alẹ́ ni àwọn obìnrin náà ń jókòó síbẹ̀. Mo kà á, mo sì rántí pé Providence ń tilẹ̀kùn láago mẹ́jọ.

Bowen fi ọ̀rọ̀ sísọ sí ipò kan náà pẹ̀lú rírà àti títà, ó sì tọ̀nà. Ìdí nìyẹn tí ọjà ọba fi máa ń wà níwájú ààfin. Àkẹ̀sán ní Ọ̀yọ́, ọjà ọba ní Ìlọrin, ní Àkúrẹ́: ohun tí ọba bá fẹ́ kí ìlú gbọ́, akéde á lu agogo níbẹ̀, ohun tí ìlú bá fẹ́ kí ọba gbọ́, wọ́n á sọ ọ́ níbẹ̀ kí ó lè ta sí etí rẹ̀. Nígbà tí oníwàásù òyìnbó kan, Henry Townsend, tẹ Ìwé Ìròyìn fún Àwọn Ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá jáde ní Abẹ́òkúta lọ́jọ́ kẹta oṣù kejìlá ọdún 1859, ní 120 owó ẹyọ, ìròyìn àdúgbò náà ló kún inú rẹ̀: ẹni tó dé, ẹni tó lọ, ẹni tí wọ́n ṣe ìrìbọmi fún, bí ọjà òwú ti rí. Ìwé náà dákẹ́ lọ́dún 1867, nígbà tí àwọn ará Abẹ́òkúta lé àwọn òyìnbó. Ọjà alẹ́ kò dákẹ́ lọ́jọ́ kan.

Ó wà títí di òní, bó tilẹ̀ ti wọnú àdúgbò, tó sì ti pín sí kéékèèké. Ẹ bọ́ sí ojú títì kékeré kan ní Ìbàdàn, Òṣogbo tàbí Mushin láago méje alẹ́. Alákàrà ti gbé agbada ka iná. Ẹ̀kọ gbígbóná wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, nítorí àkàrà àti ẹ̀kọ kì í ya ara wọn. Ẹlẹ́wà àgànyìn ń wá ata dúdú rẹ̀ nísàlẹ̀ ìkòkò. Ẹni tó ń din dùndún, ẹni tó ń sun àgbàdo bí ìgbà àgbàdo bá dé, mallam tó ń din ẹyin sí Indomie, onísúyà tó ń fi bébà ìwé ìròyìn àná di ẹran. Bí iná kò bá sí, fìtílà oníbátìrì lórí tábìlì kọ̀ọ̀kan á tó fi mọ ojú ara ẹni. Bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe, ẹni tó bá sì ti jẹ àkàrà márùn-ún á ní ẹnu láti sọ̀rọ̀.

Ìròyìn ibẹ̀ kì í ṣe ti Abùjá. Wọ́n ní tíráńsífọ́mà ti jóná, iye tí ojúlé kọ̀ọ̀kan máa dá nìyí. Wọ́n ní ọdẹ àdúgbò kò wá lálẹ́ àná. Ilé aláwọ̀ ewé ti ní ayálégbé tuntun. Ọmọ ìyá aláṣọ ti wọ yunifásítì, kí gbogbo ènìyàn yọ̀ fún un. Gọ́tà iwájú ilé ìwé ti dí, bí òjò bá rọ̀ yóò ya wọlé. Bàbá tó kú lójúlé kejìlá, ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n máa sin ín. Alákàrà kò kọ ọ̀kankan nínú rẹ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ẹnì kan ti dé láti ìrìn àjò, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n á ní kí ẹ lọ bi. Ó mọ ẹni tó ń ra ogún náírà kún un tẹ́lẹ̀, tó ti wá dáwọ́ dúró; ó mọ̀ pé nǹkan ti le nílé ẹni náà, ó sì ń tà fún un láwìn láì pariwo. Ìròyìn tí aládùúgbò lè fi ṣàánú ara wọn nìyẹn, kò sí ìwé ìròyìn tó lè gbé e.

Àmọ́ ẹ wo bí a ti ń ṣe é. Òfin Ìpínlẹ̀ Èkó ti ọdún 2003 lórí kíkiri ọjà àti ọjà tí kò bófin mu ní kí ẹni tó tà àti ẹni tó rà san 90,000 náírà tàbí kí wọ́n lọ ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà, ìjọba Akínwùnmí Àmbọ̀dé sì kéde lọ́dún 2016 pé àwọn máa fi ọwọ́ líle mú un. Ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà, bíi ti Los Angeles gẹ́lẹ́. Mo gbà pé ìjọba ní ẹjọ́ tirẹ̀. Ọmọ tó ń sáré tẹ̀lé dánfó láàárín súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ ń fi ẹ̀mí rẹ̀ ṣeré, gọ́tà tí ewé mọ́ínmọ́ín dí ń fa àgbàrá. Ṣùgbọ́n obìnrin tó jókòó lábẹ́ ògiri ní ojúlé rẹ̀, tó ń din àkàrà fún àwọn tó mọ orúkọ rẹ̀, kì í ṣe ẹni kan náà pẹ̀lú ẹni tó ń kiri láàárín títì márosẹ̀. Òfin tí kò bá ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀ á fún ẹni tó wọ aṣọ ìjọba ní àǹfààní láti da epo gbígbóná nù, kó gba àbẹ̀tẹ́lẹ̀, kó sì lọ. Ó dùn mí pé àwa tó ti ní ọjà alẹ́ tipẹ́ ni a ń lé e kúrò lójúlé wa.

Àwọn ọmọ ọmọ wa ní Bahia, ní Brazil, ṣe jù wá lọ níhìn-ín. Ní Salvador, àwọn obìnrin tó ń din acarajé, ìyẹn àkàrà, nínú epo pupa, tí aṣọ funfun wọn àti gèlè wọn kò yàtọ̀ sí ti olórìṣà, gba ìdánimọ̀ ìjọba àpapọ̀ Brazil lọ́dún 2005, nígbà tí àjọ tó ń tọ́jú àṣà orílẹ̀-èdè náà kọ iṣẹ́ wọn sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ogún ìlú. Bí ọ̀sán bá ti ń rọ̀, àwọn ará Rio Vermelho ti ń tò yí wọn ká. Kò sẹ́ni tó lè fi ẹsẹ̀ ta agbada wọn lọ́jọ́ òní láì bá gbogbo ìlú jà.

Ọkọ̀ olóúnjẹ ti ń wọ Èkó náà. Àwọn ọ̀dọ́ ń kun ún ní àwọ̀ mèremère, wọ́n ń gbé e lọ sí ibi eré àti àwọn ẹ́sítéètì. Inú mi dùn sí i. Ohun tí mo fẹ́ kí àwọn ẹgbẹ́ onílé àti ayálégbé rò ni bí wọ́n ṣe lè fi irú ìrọ̀lẹ́ bẹ́ẹ̀ gba ọlọ́jà alẹ́ tó wà ní ojúlé wọn là. Ìpínlẹ̀ Èkó ti ní òfin ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò láti ọdún 2008. Ẹgbẹ́ ti wà, alága ti wà, akápò ti wà. Kí wọ́n ti ojú títì kékeré kan pa lálẹ́ ọjọ́ kan lóṣù, láti aago márùn-ún sí mẹ́sàn-án. Kí alákàrà, ẹlẹ́wà, onísúyà àti ọmọ ọlọ́kọ̀ olóúnjẹ jọ tò, kí olúkúlùkù san owó díẹ̀ fún iná àti fún ẹni tó máa kó ìdọ̀tí lọ́la. Kí nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn ìjọba gbé àga kalẹ̀ láti wọn ẹ̀jẹ̀ ríru. Kí wọ́n lẹ orúkọ olóògbé àti ọmọ tuntun mọ́ pátákó kan. Nígbà tí gbogbo ènìyàn bá ti ní oúnjẹ lọ́wọ́, kí akápò dìde, kó ka iye tí wọ́n dá fún tíráńsífọ́mà, iye tó ti ná, àti iye tó kù, kí ẹni tó bá ní ìbéèrè sì béèrè níbẹ̀.